Ife Tó Dojúdé

Ilẹ̀ kì í mọ́ kí Ìyá Alágbàfọ̀ má kọ́kọ́ wo ife náà. Ife irin funfun ni, tí etí rẹ̀ ti họ, orí tábìlì kékeré lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ló máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kan tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á bu omi sí i fún ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kú sójú ogun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, omi á ti tán, ife á sì ti dojúdé lórí tábìlì bí ẹni pé ẹnì kan mu ún tán, tó sì rọra fọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Á yí ojú rẹ̀ sókè padà, á nù ún, á gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ẹ má sọ pé èkúté ni. Èkúté wo ló ń yí ife dé? Àwọn ará ilé sọ èkúté títí, wọ́n sọ afẹ́fẹ́, wọ́n sọ ọjọ́ ogbó. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì ní òun ò lè bá òkú tó ń mumi gbé ilé kan náà, ó palẹ̀ mọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ìta, ó ní, "Ó dàbọ̀ o. Ọmọ tèmi ni. Bí èmi bá ń sá fún un, ta ló kù tí kò ní sá fún un?"

Ẹ̀rù kọ́ ló ń bà á. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ìwà òkú yìí kò jọ ti ọmọ tó bí. Ìjì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, nítorí kò sí ilẹ̀kùn tó rí ojú rere lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bó bá ń wọlé, gbàgà! Bó bá ń jáde, gbàgà! Bàbá rẹ̀ tún ilẹ̀kùn ṣe títí ó fi sú u. Ibi tí Ìjì bá sì ti mu omi, ibẹ̀ ni ife ń wà, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹlòmíràn fẹsẹ̀ gbá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá nírọ̀lẹ́ yìí, jẹ́jẹ́ ló ń ti ilẹ̀kùn. Ìyá Alágbàfọ̀ á kàn gbọ́ ìró ìkọ́ ilẹ̀kùn tó ń bọ́ sáyè rẹ̀, bí ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó rò ó títí, ó gbà pé ikú ti kọ́ ọmọ òun níwà. Ìyẹn pàápàá dùn ún. Ẹ̀kọ́ tí òun fi ọ̀rọ̀ kọ́ ọ, tí òun fi ẹgba kọ́ ọ, tí kò gbà, ibo ló ti wá lọ gbà á yìí?

Ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́bàá odò ló ti ń fọṣọ. Yàrá ìfọṣọ náà gbóná bí ẹnu ààrò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ìkòkò ńláńlá tí wọ́n fi ń se aṣọ ibùsùn ń hó, áyọ́ọ̀nù ń mí èéfín, fèrèsé sì kọjú sí afárá. Láti ojú fèrèsé yẹn ló ti rí bí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ìṣọ̀kan ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè náà láyé àwọn bàbá wọn. Àwọn ará orí òkè, àwọn ará etí òkun, àwọn ará apá ìhín àti àwọn tó wà ní òdìkejì odò, abẹ́ àsíá kan ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, wọ́n ní kí wọ́n máa jẹ́ ọ̀kan. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ kọrin, wọ́n jọ fẹ́ra, wọ́n jọ bú ìjọba, wọ́n jọ jagun nígbà tí ọ̀tá wọlé. Ìgbà tó yá, àwọn àgbààgbà ilé ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé ta ló jẹun ju ta lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n àdá ti wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sórí afárá. Ẹni tí wọ́n ń pè ní aládùúgbò lánàá wá di Òdìkejì lónìí. Ó tún pani lẹ́rìn-ín, torí a gbọ́ pé àwọn ọ̀hún náà, Òdìkejì ni wọ́n ń pe àwọn ará apá ìhín.

Wọ́n pín ojú irin. Wọ́n pín ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n pín àwọn àwòrán tó wà lára ògiri ilé ìgbìmọ̀, àyàfi ọ̀kan tó ya sọ́wọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń fà á. Nígbà tí wọ́n pín gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ku òkú.

Lórí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni wọ́n sin àwọn ọmọ ogun Ìṣọ̀kan sí, olúkúlùkù pẹ̀lú òkúta tirẹ̀ àti orúkọ lára rẹ̀. Àdéhùn tuntun ní kí apá kọ̀ọ̀kan wá kó ọmọ tirẹ̀ lọ sílé kí òjò tó dé. Àwọn Òdìkejì ló kọ́kọ́ kan. Wọ́n ní kí wọ́n fi aṣọ funfun di eegun òkú kọ̀ọ̀kan, ilé ìwòsàn ni yóò sì fọ aṣọ náà, tí yóò lọ̀ ọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ ní òun ni yóò máa gbé e gòkè. Wọn ò bá a du iṣẹ́ ọ̀hún, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ohun tó gbé e lọ síbẹ̀ ni pé ibojì Ìjì wà níbẹ̀, lábẹ́ igi ńlá kan, kò sì fẹ́ kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ tẹ ọmọ òun mọ́lẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló máa ń gòkè lọ gbá ojú ibojì náà. Igi yẹn kì í yé rẹ̀wé. Ibojì Òdìkejì kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìjì tímọ́tímọ́, ibẹ̀ ló sì máa ń da ewé tó bá gbá sí. Kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó kúkú mọ ẹni tó wà níbẹ̀ létí lásán: ọ̀rẹ́ tí Ìjì ní nínú ogun ni. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà láyé, Ìjì fi ránṣẹ́ nígbà kan pé òun fẹ́ mú ọ̀rẹ́ òun wá lo ìsinmi nílé, torí ilé tiẹ̀ jìnnà. Ìyá Alágbàfọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jíṣẹ́ pé ọmọ ibo lọ̀rẹ́ náà. Ó ní ọmọ òdìkejì odò ni. Ìyá Alágbàfọ̀ ní, "Sọ fún un pé ilé wa kéré." Ìjì ò wálé mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, òun náà lo ìsinmi tiẹ̀ sí àgọ́ ogun. Ogun sì gbóná.

Àgọ́ funfun kan ni wọ́n pa sórí òkè, wọ́n to tábìlì gígùn sínú rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe olórí iṣẹ́ náà, ìjọba Òdìkejì ló rán an wá. Dókítà Eegun ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí òun ló ń to eegun ní ìtò, tó ń wo ọjọ́ orí òkú, kó tó fọwọ́ sí i kí wọ́n dì í. Ojú rẹ̀ fanimọ́ra, ó sì tutù. Nígbà tí Ìyá Alágbàfọ̀ gbé ẹrù aṣọ àkọ́kọ́ dé, ó dìde pàdé rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀yin lẹ gbé gbogbo eléyìí gun òkè?"

"Èmi ni, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti fi sítáàṣì sí i."

Dókítà fọwọ́ pa aṣọ náà. "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Aṣọ tí wọ́n ń lọ̀ fún wa nílé ìwòsàn tiwa, bí èyí tí màlúù jẹ tó tu sílẹ̀ ló ń rí."

Ẹ̀rín pa Ìyá Alágbàfọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò múra láti bá Òdìkejì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Dókítà bu tíì fún un láti inú fúláàsì, ó bu tirẹ̀ náà, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Wọ́n sọ̀rọ̀ oòrùn, wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹ̀yìn ṣe ń dun ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́. Dókítà mu tíì rẹ̀ tán, ó sì yí ife dé sórí tábìlì, jẹ́jẹ́, láì wò ó.

Ìyá Alágbàfọ̀ wo ife náà bí ẹni tó rí ejò nínú ilé.

"Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"Ife. Kí ló dé tẹ́ ẹ yí i dé?"

"Háà, ẹ má bínú. Ó ti mọ́ mi lára ni. Eruku pọ̀ níbi tí wọ́n bí wa sí. Tí ọmọ bá mumi tán tí kò yí ife dé, ìyá wa á ní ṣé erùpẹ̀ ló fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mu."

"Ṣé gbogbo Òdìkejì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Dókítà wò ó díẹ̀. "Àwọn ará ilé wa ni mo mọ̀, mà. Òdìkejì pọ̀, mi ò mọ tiwọn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Alágbàfọ̀ bu omi sínú ife bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò lọ sídìí ààrò. Ó jókòó, ó tẹjú mọ́ àga ẹnu ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú fèrèsé. Ilẹ̀kùn rọra ṣí, ó rọra tì, ìkọ́ bọ́ sáyè rẹ̀. Àga náà dún bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ara lé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé, òní ni ẹ̀rù rẹ̀ kọ́kọ́ ba Ìyá Alágbàfọ̀.

"Ìwọ ta ni?" ló wí. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Mo ní ìwọ ta ni, tó ń wọ ilé mi?"

Àga náà dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ìkọ́ ilẹ̀kùn sì bọ́ wẹ́rẹ́, bí ti àlejò tó gbọ́ pé wọn ò fẹ́ òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ife náà ṣì wà lókè, omi sì kún inú rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ dúró tì í títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ níbi iṣẹ́. Ṣe ni ilé náà dákẹ́ lọ́nà tí kò dákẹ́ rí.

Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ kan ibojì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìjì. Bàbá Sájẹ́ǹtì, ológun àtijọ́ tó ń ṣọ́ itẹ́ òkú náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ igi kan, ló bá wọn gbá òkìtì ewé kúrò lójú rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ ń wo ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n gbé àpótí náà wọ inú àgọ́, Dókítà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ jáde.

"Ẹ̀yin ẹ dúró, mà," ló wí. "Mo máa nílò aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi nìyí."

"Ẹ̀gbọ́n yín?"

"Ọmọ ìyá mi. Òun ni mo tìtorí rẹ̀ gba iṣẹ́ yìí."

Ìyá Alágbàfọ̀ kí i kú ara fẹ́ra kù, ó sì di aṣọ mú. Dókítà ń to eegun náà pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀ rọ́bà lọ́wọ́, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ohùn kékeré bó ṣe ń tò ó, pé kó máa bọ̀ nílé, pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ó to apá ọ̀tún. Ó gbé eegun apá òsì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú kan. Eegun náà wọ́ láàárín. Ó ti kán rí, tipẹ́tipẹ́, ó sì jinná ní wíwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò kán lápá rí," ni Dókítà wí, bí ẹni ń bi ara rẹ̀.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Alágbàfọ̀. Ó mọ apá yẹn. Láti orí òrùlé yàrá ìfọṣọ ni ọmọ náà ti já bọ́ nígbà tó wà ní kékeré, níbi tó ti ń lé bọ́ọ̀lù. Òun ló gbé e sáré, òun ló bá a ṣọ́ òru nígbà tó ń kérora, òun ló ń fi omi gbígbóná jó o bí òjò bá ń rọ̀, nígbà tó ti di géńdé pàápàá. Oníṣègùn tó tò ó kánjú, kò tò ó dáadáa.

"Ọmọ mi ni," ló wí.

"Mà?"

"Ọmọ mi nìyẹn. Ìjì nìyẹn. Kí ló wá ṣe níbẹ̀?"

Ẹsẹ̀ igi dún lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Bàbá Sájẹ́ǹtì ti wọlé, ó sì ti fa aṣọ àgọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ọjọ́ gbèsè rẹ̀ pé.

"Ìyá Ìjì, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó! Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀."

"Ó dáa." Ó fi ìdí ti tábìlì. "Nínú ogun, méjì-méjì ni wọ́n ń tò wá, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ kan náà wà pọ̀. Ẹ jọ jẹun nínú abọ́ kan, ẹ jọ sùn sójú kan, kí Ìṣọ̀kan lè wọ̀ yín lára. Òfin àwọn ọ̀gá nìyẹn. Èyí tí àwa fi kún un, àwọn ọ̀gá ò mọ̀ sí i. Báàjì tí wọ́n kọ orúkọ sí, tó wà lọ́rùn kálukú, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Tìẹ á wà lọ́rùn ìkejì ẹ, tiẹ̀ á wà lọ́rùn ẹ. Ẹni tó gbé orúkọ ẹ kọ́rùn, kò lè sá fi ẹ́ sílẹ̀. Tí ọ̀kan bá kú, ìkejì ló máa gbé orúkọ ẹ̀ lọ fún ìyá ẹ̀ nílé."

"Tí àwọn méjèèjì bá wá kú ńkọ́?" Dókítà ló béèrè.

"A ò rò ó débẹ̀. Ọmọdé ni wá nígbà yẹn." Bàbá Sájẹ́ǹtì nu ojú. "Àwọn tó wá kó òkú, akọ̀wé láti etí òkun ni wọ́n. Orúkọ tí wọ́n bá lọ́rùn òkú ni wọ́n kọ sára òkúta. Ìjì àti Jẹ́jẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lọ."

"Jẹ́jẹ́?" ni Ìyá Alágbàfọ̀ béèrè.

"Bá a ṣe ń pè é nílé náà nìyẹn," ni Dókítà wí. "Tó bá ń kọjá lẹ́yìn ẹ, o ò ní mọ̀."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Alágbàfọ̀ tó jókòó. Ó ń rántí ewé. Ọdún lórí ọdún, gbogbo ìdọ̀tí tó gbá kúrò lórí ọmọ ọlọ́mọ, orí ọmọ tirẹ̀ ló ń dà á sí. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, ojú ara rẹ̀ sì tì í, kò mọ èyí tó wúwo jù.

"Ẹ mọ̀, ẹ dákẹ́," ló sọ fún Bàbá Sájẹ́ǹtì.

"Ọjọ́ tí wọ́n kú, wọ́n ń gé ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ nílé ìwòsàn. Nígbà tí mo máa dé ibí, koríko ti hù. Mo rí yín tẹ́ ẹ ń gbálẹ̀, tẹ́ ẹ ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Kí ni kí n wí? Mo ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn náà ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ yín á ṣáà dé etí ọmọ yín. Ta ló mọ̀ pé wọ́n á ya wèrè débi tí wọ́n á máa pín òkú?"

"Ó dáa. Ẹ bá mi yí wọn padà. Kí tèmi wà níbi tí orúkọ rẹ̀ wà, kí tiwọn máa lọ sílé."

Bàbá Sájẹ́ǹtì mi orí. Ó ní ibojì àwọn ọmọ apá ìhín, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣọ́ ọ tìbọntìbọn, ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì kàn án ti di èrò ẹ̀wọ̀n. Tí wọ́n bá sì lọ sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀, gbogbo òkúta tó wà lórí òkè náà á di irọ́. "Ẹ ò gbọ́ nípa òkú tí báàjì ẹ̀ sọnù? Apá ìhín ní tàwọn ni, apá ọ̀hún ní tàwọn ni. Yàrá ìkẹ́rùsí ló wà títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, láàárín àwọn àga tó kán. Ibẹ̀ ni wọ́n máa kó àwọn méjèèjì lọ, wọn ò sì ní kúrò níbẹ̀ lójú ayé wa."

"Àwọn yòókù ńkọ́?" Dókítà ń wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn àpótí tó ti fọwọ́ sí wà. "Gbogbo àwọn tí mo ti dì?"

Bàbá Sájẹ́ǹtì sorí kọ́. Atẹ́gùn ń gbọn aṣọ àgọ́.

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ̀ kúrò lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Alágbàfọ̀. "Ọmọ yín ni, mà. Ohun tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ ni mo máa sọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò ríran mọ́. Ó ní òun ò ní kú àfi tí ẹ̀gbọ́n mi bá délé, torí ó ní inú ń bí ọmọ náà sí àwa tá a fi í sílẹ̀ nílẹ̀ ibòmíràn."

"Báwo ló ṣe mọ̀ pé inú ń bí i?"

"Ilẹ̀kùn ni. Láti ìgbà tó ti kú, ilẹ̀kùn wa ò sinmi. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, gbàgà! Tó bá tún di òwúrọ̀, gbàgà! Ògiri á mì. Ẹni tí kì í pariwo! Ìyá mi máa ń sunkún, á ní ikú ti ba ìwà ọmọ òun jẹ́."

Ìyá Alágbàfọ̀ ya ẹnu. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀rín gidi, tó mú kí Bàbá Sájẹ́ǹtì bojú wẹ̀yìn bóyá ẹ̀ṣọ́ ń gbọ́. Nígbà tó yá, kò jọ ẹ̀rín mọ́. Ó di ọwọ́ Dókítà mú, kò sì fi 'ẹ̀yin' pè é mọ́.

"Kì í ṣe ìbínú! Gbọ́ mi, ọmọ mi, kì í ṣe ìbínú. Bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Sọ fún ìyá ẹ. Tí inú ẹ̀ bá dùn ló máa ń le jù."

Dókítà ń wò ó, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Èyí tó ń wá sílé tèmi," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí, "ó máa ń yí ife dé."

"Ẹ ń fún un lómi?" ni Dókítà béèrè.

"Lójoojúmọ́. Mo rò pé ọmọ mi ni." Ó gbé ojú sílẹ̀. "Nígbà tó wà láyé, wọ́n ní kí n gbà á lálejò. Mo ní ilé mi kéré."

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ìyá Alágbàfọ̀ yí òwe náà síwá sẹ́yìn lórí ìjókòó yẹn. Bó bá sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ á di ẹrù láàárín àga tó kán. Bó bá dákẹ́, wọ́n á gbé e kọjá odò lábẹ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, afọ́jú kan á sì sunkún lé e lórí bí ìyá ṣe ń sunkún. Kò sí èyí tó dùn nínú méjèèjì. Ó dìde, ó sì gbé aṣọ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù.

"Jẹ́ kí n dì í fúnra mi."

Ó dì í bí wọ́n ṣe ń di ọmọ tuntun. Kò sí ìgbà tó lọ̀ aṣọ tó dán tó èyí. Nígbà tó dé ibi apá òsì, ó rọra gbé e, torí òjò kò ní í pẹ́ rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Tó o bá débẹ̀, rọra máa ti ilẹ̀kùn. Màmá yẹn ti dàgbà."

Ní ọjọ́ tí wọ́n kó wọn kọjá, gbogbo ìlú tú jáde sórí ọ̀nà afárá. Ní ìkángun ọ̀hún, wọ́n ń fi orin àti àsíá tuntun dúró de ọmọ wọn tó ń bọ̀ wálé. Ní ìkángun ìhín, àwọn géńdé ń pariwo pé, "Ẹ kó òkú yín lọ! Ẹ kó òkú yín lọ!" Ọ̀kan nínú wọn ju ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ lu àpótí tó ń kọjá lọ́wọ́. Àpótí Ìjì ni. Ìyá Alágbàfọ̀ rí i, ó sì gbá ẹnu ara rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Dókítà tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fi ìborùn rẹ̀ nu iyẹ̀pẹ̀ náà, kò wo ẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ̀ ń sunkún Òdìkejì?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ béèrè. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, ó kàn ń yà á lẹ́nu ni.

"Ọmọ ẹnì kan ni," ló wí, ó sì dúró títí àpótí náà fi wọ àárín àwọn tó ń kọrin.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé àga kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e wọ inú ilé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó bu omi sínú ife. Ó dúró láàárín yàrá, ó sì ń bá ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀.

"Jẹ́jẹ́, ilé mi ò kéré. Irọ́ ni mo pa. Máa wọlé, ọmọ mi."

Ó pẹ́ kí ìkọ́ ilẹ̀kùn tó dún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ife náà ti dojúdé. Ìyá Alágbàfọ̀ kò yí i padà. Ó bu omi sínú ife tirẹ̀, ó mu ún tán, ó sì yí i dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Ó gba òkè lọ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Igi ti tún rẹ̀wé sójú ibojì tó ní orúkọ Ìjì lára, ó sì gbá a mọ́ tónítóní. Ó kó ewé náà jọ, ó yíjú sí ibi tó ti máa ń dà á sí, ó rí kòtò òfìfo. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ewé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ sí i, ó dì í, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ, kó má bàa bọ́ sórí ọmọ ẹnikẹ́ni.